Ìbọ̀wọ́ Ọmọ Kékeré Tí Mo Fi Sábẹ́ Síìtì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, mo kí yín o. Mi ò ní dárúkọ ara mi. Obìnrin ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, iṣẹ́ fífọ inú mọ́tò ni mo fi ń jẹun. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti fi ohun kan pamọ́ tí ọkọ mi ò mọ̀, tí ìyá tó bí mi ò mọ̀, tó sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìdí tí mo fi wá ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé mọ́tò tí mo fi ṣe aburú náà wà nínú àgbàlá mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbé e lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fọ mọ́tò ní Kútọ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òjò ò jẹ́ kí òun rí oníbàárà mọ́, ṣé kí òun náà lọ wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò àlòkù, bí èmi ṣe ṣe. Ó ní kí n fọ̀nà han òun. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó ná. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ilé oníṣòwò ni wọ́n bí mi sí ní Ṣàpọ́n. Gbogbo ẹbí wa ló mọ ọjà tà, àfi èmi. Ẹnu mi ò dùn tó. Ṣùgbọ́n tó bá di ká fọ nǹkan kó mọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìléwó ni mo kọ́kọ́ ń gbá, kó tó di pé ọ̀gá obìnrin kan níbẹ̀ ní kí n bá òun fọ inú mọ́tò tí ọmọ òun bì sí. Nígbà tó wá wò ó, ó pariwo pé ó dà bíi tuntun. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fún mi ní ìnagijẹ kan ládùúgbò, mi ò ní kọ ọ́ síbí torí wọ́n á dá mi mọ̀ kíá.

Iṣẹ́ náà ń lọ, ṣùgbọ́n kò lọ déédéé. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ta ló máa fọ mọ́tò tó máa tún bọ́ sínú ẹrẹ̀ kó tó délé? Kò sẹ́ni tó tì mí o. Èmi fúnra mi ni mo wọ aṣọ tó dáa, tí mo wé gèlè, tí mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò àlòkù. Mo ní kó gbé mọ́tò kan fún mi kó fi dán mi wò. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mọ́mì ló ń pè mí, èmi náà sì ń pè é ní Ọ̀gá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò jágbe mọ́ mi rí.

Ọ̀gá ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Mọ́mì, ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò, imú ló fi ń rà á." Mo rẹ́rìn-ín. Àṣé òótọ́ ló sọ. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á fa òórùn inú rẹ̀ símú, ojú wọn á sì ti sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọn ò tíì wo ẹ́ńjìnnì o.

Tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹ ò lè mọ ohun tí àwọn òyìnbó máa ń gbàgbé sábẹ́ síìtì. Owó wẹ́wẹ́ wọn, ìwé pélébé tí wọ́n fi ń sanwó ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí, síbí ọmọdé, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Mo rí ike fẹlẹfẹlẹ kan tí mo gbé lọ sílé tí mo fi ń ha ìdí ìkòkò ẹ̀kọ, kí ọmọ mi tó sọ fún mi pé yìnyín ni wọ́n fi ń ha kúrò lójú dígí mọ́tò. A rẹ́rìn-ín títí. Mo ṣì ń fi ha ìkòkò di òní.

Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé láti kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àpò tó wà lẹ́yìn síìtì. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ra mọ́tò náà ti ń yọ Ọ̀gá lẹ́nu láti àárọ̀, ó ní wọ́n ti lò ó nílẹ̀ yìí. Ó kàn ti ọwọ́ bọ àpò yẹn, ó fa owó òyìnbó méjì jáde pẹ̀lú ìwé. Bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Ó ní, "Tòkunbọ̀ gidi nìyí! Ẹ wò ó, ẹni tó lò ó gan-an ò tiẹ̀ tún inú ẹ̀ wò kó tó tà á." Kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó ra mọ́tò, ó lọ.

Mọ́tò yẹn, tòkunbọ̀ ni lóòótọ́, nítorí náà kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò da àwọn nǹkan tí mo ń rí nù mọ́. Mo ń kó wọn sínú páànù bísíkíìtì kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń le fún mi láti kọ.

Ó ṣe díẹ̀, àwọn mọ́tò tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú àwọn tó tòkè òkun dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ inú mọ́tò kò nílò kí wọ́n sọ fún un. Ilẹ̀ wa pupa. Mọ́tò tó bá ti rin ọ̀nà oko ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá fún ọdún kan, ẹ fa bẹ́líìtì síìtì rẹ̀ jáde tán, ẹ máa rí eruku pupa níbi tó ká sí. Ẹ ṣí rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ó wà níbẹ̀. Òróró àdúrà á wà lórí sítíárìn. Ibi tí wọ́n lẹ àmì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí mọ́ lójú dígí ẹ̀yìn á ṣì máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ọ̀gá á kàn sọ pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi fọ̀ ọ́ kó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Èmi á sì fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi ń fọ ihò bẹ́líìtì. Tí mo bá ṣe tán, ẹni tó wà á tẹ́lẹ̀ gan-an ò ní dá a mọ̀.

Tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé Ọ̀gá ló ní kí n ṣe ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Ọ̀gá ò rán mi. Èmi ni mo jókòó ti mọ́tò kan tí mo ti fọ̀ tán, tí mo wò ó, tí mo rí i pé ó mọ́ jù, tó dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Èmi ni mo dìde lọ ṣí páànù bísíkíìtì. Mo fi owó òyìnbó kan sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo ki ìwé kan bọ àpò ẹ̀yìn síìtì. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé inú mi dùn. Mo rò pé mo mọṣẹ́ ju àwọn tó kù lọ.

Nígbà tí Ọ̀gá rí i, ó kàn wò mí. Ó sì tún gbé mọ́tò mìíràn wá. Mọ́tò mẹ́sàn-án ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ìkẹsàn-án ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Mọ́tò kékeré kan ni, aláwọ̀ eérú. Nígbà tí mo wọ inú rẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti ran awọ tuntun bo dáṣíbọ́ọ̀dù. Àárín sítíárìn, níbi tí bàlúùn tó ń gba èèyàn là ti máa ń wú jáde tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀ padà. Mo fa bẹ́líìtì iwájú lójijì. Ó yẹ kó há. Kò há, ó kàn ń tú jáde ṣáá. Mo fa ìkejì, bákan náà ni. Ó yé mi pé mọ́tò yìí ti kọlu nǹkan gidigidi rí, kò sì sí ohun tó máa gba ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ là tó bá tún kọlu nǹkan.

Mo rí i. Mo mọ̀. Gọ́ọ̀mù tó yọ sí etí ìdérí yẹn, èmi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìbọ̀wọ́ ọmọdé kan nínú páànù mi, ìbọ̀wọ́ òtútù pupa, ti ọwọ́ òsì, mo sì fi sábẹ́ síìtì iwájú.

Mi ò mọ ẹni tó máa rà á o. Ẹ bá mi gba èyí gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà níbẹ̀ tí mo ń nu dígí, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, mo sì dá a mọ̀ kí n tó yíjú padà. Tíṣà mi ni.

Tíṣà yìí ló kọ́ mi nígbà tí mo wà ní ìwé kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Aké. Ọmọ Mùsùlùmí mélòó kan la wà ní kíláàsì náà. Nígbà ààwẹ̀, wọ́n máa ń gbé àga wa sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun lójú wa. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n wá wo mọ́tò yìí. Ọ̀kadà ni wọ́n fi ń lọ síbi gbogbo títí wọ́n fi ṣubú ní Ìbarà tí apá wọn yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wọn fi ní kí wọ́n ra mọ́tò. Ẹ gbọ́ mi o. Kí nǹkan má baà ṣe wọ́n ni wọ́n ṣe fẹ́ ra mọ́tò.

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ nìyí, ọmọ mi? Ṣé ìwọ lo fọ mọ́tò yìí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni mà."

Wọ́n yíjú sí Ọ̀gá, wọ́n ní, "Ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi nìyí. Kò lè wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n fẹ́ sún síìtì síwájú, ọwọ́ wọn sì kan ìbọ̀wọ́ yẹn. Wọ́n fà á jáde. Wọn ò rẹ́rìn-ín bíi ti àwọn tó kù. Wọ́n tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Áà. Ọwọ́ ọmọ yìí á ti tutù o." Omi ti wà lójú wọn.

Ọ̀gá ń wò mí. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Gbólóhùn kan péré ni. "Ẹ má ra eléyìí, mà." Mo ronú nípa iṣẹ́ mi, mo ronú nípa bí ojú wọn ṣe máa rí tí wọ́n bá mọ ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló pa mí lẹ́nu mọ́ jù. Mo ń bá dígí mi nìṣó.

Láti ìgbà náà, Tíṣà máa ń gbé mọ́tò náà wá fún mi lóṣooṣù kí n bá wọn fọ̀ ọ́. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ yẹn kọ́ sára dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn máa ń gbàdúrà fún ọmọ náà láràárọ̀, kí Ọlọ́run dá a sí níbikíbi tó bá wà, kó má ṣe rí òtútù. Wọ́n ní, "Ó ti máa dàgbà báyìí o." Mo máa ń ní, "Àmín, mà." Ohun tí mò ń sọ nìyẹn fún ọdún mẹ́ta. Mo ti kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá láàárín ìgbà náà, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Àárín ìgboro yìí nìkan ni Tíṣà ń wà á dé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, wọ́n sì ń rọra wà á. Mo ń fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n gbé e wá, ọmọ wọn obìnrin ló wà á. Ojú Tíṣà ò ríran dáadáa mọ́, dókítà ti ní kí wọ́n má wa mọ́tò mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fún ọmọ àwọn ní mọ́tò náà. Ìbàdàn lọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọmọ méjì. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni á máa gbé wọn lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni á máa gbé wọn bọ̀. Tíṣà ní kí n fọ̀ ọ́ fínnífínní torí ẹ̀bùn ni.

Mo béèrè, bíi pé mo kàn ń ṣeré, èwo nínú àwọn ọmọ ló máa ń jókòó níwájú. Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí àgbà ni, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó lè bá a du iwájú."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọ inú mọ́tò, mo fa bẹ́líìtì iwájú méjèèjì. Wọn ò há.

Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù. Mo ṣàlàyé fún un, mo ní kó bá mi dá sí i. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mọ́mì, ọdún mẹ́ta rèé. Ṣé ó ti pa ẹnikẹ́ni ni?" Ó wá ní, "Ẹ̀yin lẹ fi nǹkan sábẹ́ síìtì o. Èmi ò rán yín." Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Inú bí mi gidigidi, ṣùgbọ́n ibo ló ti purọ́?

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n wá gbé mọ́tò. Mo sọ fún wọn pé omi ti wọ inú wáyà, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ ò rí i, irọ́ mìíràn tún nìyẹn. Tíṣà ló tún wá ń bẹ̀ mí, wọ́n ní kí n má bínú pé àwọn fi iṣẹ́ yọ mí lẹ́nu, wọ́n sì fi ìrẹsì Ọ̀fadà tí wọ́n fi ewé dì ránṣẹ́ sí mi nírọ̀lẹ́. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mo gbé e fún àwọn ará ilé. Wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ń bọ̀. Lọ́la nìyẹn.

Sí ọ̀rẹ́ mi ti Kútọ̀, tó bá jẹ́ pé o ń ka èyí, ìdáhùn mi rèé. Mi ò ní sọ pé má lọ. Àwọn tó ń ta mọ́tò tí ọwọ́ wọn mọ́ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ẹ kọ́ ló máa jókòó sínú mọ́tò yẹn. Tí o bá lọ, kọ́kọ́ mọ ohun tí o ò ní fọ̀, kí o sì sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí tó bá di ọjọ́ kẹwàá, ẹnu rẹ ò ní gbà á mọ́. Tèmi ò gbà á.

Sí ẹ̀yin yòókù, mọ́tò mẹ́jọ mìíràn ló wà níta tí mi ò mọ ẹni tó rà wọ́n. Mi ò wo bẹ́líìtì ti àwọn yẹn dáadáa nígbà náà, mi ò lè parọ́ fún yín pé wọ́n dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mọ́tò yín lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀. Ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti kọ.

Mi ò bi yín bóyá kí n sọ fún Tíṣà. Màá sọ fún wọn. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́la, ohun yòówù kí wọ́n pè mí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ni ẹyọ kan. Wọ́n máa bi mí nípa ọmọ tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún láti ọdún mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, pé èmi ni mo mú ìbọ̀wọ́ ọmọ náà wá láti inú mọ́tò mìíràn?